Oníbúlọ́ọ̀kù Tó Fẹ́ Àánú Láìfẹ́ Òdodo

Ọkùnrin kan wà tó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà. Àpò sìmẹ́ńtì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń mọ ogójì, òun a fi mọ ọgọ́rin. Iyanrìn lásán! Bí oníbàárà bá ń bọ̀, a bomi rin àwọn búlọ́ọ̀kù náà kí àwọ̀ wọn lè dúdú bíi ti ojúlówó. Bí ẹ̀rí ọkàn bá sì ń dà á láàmú, a ní, "Ọlọ́run aláàánú ni, jàre."

Lọ́jọ́ kan, ògiri tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù rẹ̀ mọ wó lu ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọmọ náà kú. Háà! Ta ni ọlọ́pàá mú? Bíríkìlà tó mọ ògiri ni. Wọ́n ní kò mọṣẹ́. Oníbúlọ́ọ̀kù mọ òótọ́, ó panu mọ́. Ó ń kúnlẹ̀ tọrọ ìdáríjì nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò yọjú sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kó sinmi mọ́. Ó wá tú àṣírí náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ káfíńtà, onígbàgbọ́ tòótọ́.

"Ṣebí aláàánú ni Ọlọ́run?"

Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀. "Aláàánú ni. Àmọ́ ṣé ìwọ nìkan ló dá ni? Òun náà ló dá ọmọ yẹn. Tó bá kàn gbójú fo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, Ọlọ́run wo nìyẹn? Ibi tí wàá sá pamọ́ sí lò ń wá, kì í ṣe àánú."

"Ó ti parí fún mi nìyẹn."

"Kò parí. Ìdájọ́ tó tọ́ sí ẹ, Jésù ló gbà á sára lórí igi. Sá tọ̀ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíì máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ òun."

Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ láàárín àwọn pákó, ó sunkún kíkorò, ó fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló lọ jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá. Wọ́n tú bíríkìlà sílẹ̀, ilé ẹjọ́ sì sọ òun sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án. Ó bẹ bàbá ọmọ náà. Ìyẹn ní, "Kí Ọlọ́run dárí jì ọ́. Èmi ò lè ṣe é." Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ọmọ ò jí.

Ìwọ tí ò ń kàwé yìí ńkọ́? Ta ló ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lọ́wọ́ báyìí, tí o ń fi orúkọ àánú bojú? Àánú ṣì wà. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi rà á. Ronú pìwà dà lónìí. Olùgbàlà tí o bá kọ̀ lónìí ni Adájọ́ tí wàá bá lọ́jọ́ ìdájọ́.