Jẹ́-ó-lọ, Ọkùnrin Tó Dá Báńkì Ńlá Láre

Ọ̀rẹ́ mi, fetí sí ìtàn ọkùnrin kan tí ìjọba fi ṣe olórí àwọn tí ń ṣọ́ iṣẹ́ báńkì. Jẹ́-ó-lọ ni àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, nítorí gbólóhùn tó fi ń parí ẹjọ́ gbogbo nìyẹn: "Ẹ jẹ́ ó lọ."

Ní ọdún kan, ariwo sọ nílùú. Báńkì ńlá kan ń yá àwọn ènìyàn lówó láti fi ra ilé, ó sì tún ń gba ilé mọ́ àwọn tó ti san gbèsè wọn tán lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń búra lórí ìwé tí wọn kò kà. Opó, olùkọ́ àti awakọ̀ kún gbọ̀ngàn ìwádìí, wọ́n ń ro ẹjọ́ wọn. Jẹ́-ó-lọ ń gbọ́ wọn bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù.

Kò gba rìbá. Ẹ̀rù àwọn tó wà lókè ló ń bà á. Wọ́n ti kì í nílọ̀ pé bí báńkì yẹn bá wó, ìjọba náà á mì. Ló bá bu owó ìtanràn táṣẹ́rẹ́ lé báńkì náà. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀wọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò gba ilé padà.

"Ẹ jẹ́ ó lọ," ló wí, ó sì lọ jẹun ọ̀sán.

Ọkàn rẹ̀ kò dá a lẹ́bi. Inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé títí tó fi kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yà kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ó bá a lójúde, lórí àpótí. Àwọn ọkùnrin kan ń gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ síta. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti dojú dé sínú ẹrẹ̀.

"Ìyá mi, kí ló dé?"

"Báńkì ni, ọmọ mi. Mo ti san án tán. Wọ́n ní àwọn ò rí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ìyá náà wò ó. "Wọ́n ní ìwọ ni olórí ìwádìí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní o ṣègbè. Mo ní, ọmọ tí mo tọ́, á ṣe ẹ̀tọ́ fún gbogbo wa."

Jẹ́-ó-lọ fẹ́ sunkún, omijé kò wá. Ó wá ibi tó yẹ kó dùn ún nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ìyẹn gan-an ló já a láyà.

Ó gbé ìyá náà lọ sílé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ, ẹni tó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn sílẹ̀ nítorí ìdájọ́ yẹn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò báyìí.

"Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, bí ẹni tó ti kú ló ń ṣe mí."

"Iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pa èèyàn."

"Ṣé Ọlọ́run náà ò lè ní kí tèmi máa lọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o. Ìwọ dá ẹlẹ́bi sílẹ̀, o di ẹrù rẹ̀ lé aláìṣẹ̀ lórí. Jésù ò jẹ̀bi, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù náà, kí ìwọ tó jẹ̀bi lè bọ́."

Wọ́n kúnlẹ̀ láàárín bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. "Olúwa," ni Jẹ́-ó-lọ wí, "mi ò mọ nǹkan kan lára. Mo ṣá jẹ̀bi. Gbà mí." Ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn. Ó dìde, ó lọ sílé.

Ìyá náà ní kó bá òun fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó gbìyànjú títí, òwú kò wọlé. Ibẹ̀ ni omijé ti wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ forí jì mí, ìyá mi."

Ó padà sí gbọ̀ngàn ìwádìí, ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Báńkì náà ṣì ń ṣílẹ̀kùn láràárọ̀. Ìyá kò tíì gba ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ń bá àwọn tí wọ́n lé jáde lọ sí kóòtù, ó ń jẹ́rìí, ó sì ń sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ìwọ tí ò ń kà á ńkọ́? Bóyá ìwọ ni wọ́n rẹ́ jẹ; Ọlọ́run rí i. Bóyá ìwọ lo rẹ́ni jẹ, tí ìjọba kò sì bi ọ́ ní nǹkan kan. Má yọ̀. Kò sí ẹni ńlá níwájú ìtẹ́ Ọlọ́run. Àmọ́ Ẹni tí yóò ṣe ìdájọ́ ni ó ń na ọwọ́ sí ọ báyìí. Bí o kò bá tilẹ̀ lè sunkún, má dúró de ẹkún. Sọ òtítọ́ fún un lónìí, níbi tí o jókòó sí yẹn.