Ohùn Télọ̀

"Ẹ bá mi fi fóònù yín sínú agolo yìí kẹ́ ẹ tó wọlé."

Ohun tí Ọlọ́pàá-Ilé gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìyẹn, ló bá na etí sílẹ̀. Télọ̀ tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì ló dé. Ó ju fóònù sínú agolo bisikíìtì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wẹ̀yìn wò, ó sì wọ pálọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn, ó tún fa kọ́tìnì. Kọ́tìnì kẹ̀, lọ́sàn-án gangan!

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ọlọ́pàá-Ilé. Ìyá wọn ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò sí àlejò tó máa wọlé tí kò ní fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì, lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti òṣèlú àgbáyé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló wá kan télọ̀ nínú òṣèlú àgbáyé?

"Àǹtí, kí lẹ̀yin àti télọ̀ ń ṣe nínú pálọ̀?"

"Iṣẹ́ ilé ìwé."

"Iṣẹ́ ilé ìwé wo ni wọ́n ń tìlẹ̀kùn ṣe?"

"Mo ti ṣèlérí fún wọn pé mi ò ní sọ. Ọlọ́pàá, lọ fọ abọ́."

Ó fọ abọ́ o, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nílé ìwé, ó rò ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹn bú sẹ́rìn-ín.

"Ojú ẹ ò tíì là ni? Ayédèrú ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń ṣe, àbí wọ́n ń fẹ́ra. Gba ohùn wọn sílẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Ìfura loògùn àgbà. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun lójo? Nígbà tí télọ̀ tún máa dé, Ọlọ́pàá-Ilé ti tan fóònù tirẹ̀ sílẹ̀ kó máa gba ohùn, ó sì ti kì í bọ abẹ́ tìmùtìmù àga. Bí àlejò ṣe lọ, ó fà á yọ. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló gbọ́, níbi tí télọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀." Ó parí! Kí ló tún kù? Ó fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rẹ́ fi í sójú òpó kíláàsì, kíláàsì gbé e délé. Lọ́jọ́ kejì, bábà tó ń gẹrun ládùúgbò ti ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà sì kọjá ohun tí àwọn ọmọdé rò:

"Àwọn sójà orílẹ̀-èdè tí mo ti sá wá ló dáná sun àdúgbò wa. Mo rí ọ̀gá tó pàṣẹ. Àbúrò mi wà nínú ilé. Títí dòní, wọ́n ṣì ń wá mi kiri."

Nígbà tó détí ẹ̀gbọ́n, ó gba fóònù lọ́wọ́ Ọlọ́pàá-Ilé. "Àwọn tó fojú rí ìwà ìkà ni mò ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. A kì í gba ohùn wọn sílẹ̀, a kì í dárúkọ wọn, torí ẹ̀mí wọn ni. Inú ilé mi ni ohùn yìí ti jáde! Ta ni yóò tún bá mi sọ̀rọ̀?"

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí, mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀. O ò sì gbọ́ ọ parí kó o tó fi ránṣẹ́."

Àwọn méjèèjì sáré sọdá títì. Ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì pa, máṣíìnì ti kúrò lójú fèrèsé. Ọ̀rá kan ló so kọ́ sára ilẹ̀kùn. Aṣọ ilé ìwé Ọlọ́pàá-Ilé tí wọ́n gbé fún télọ̀ tún ṣe ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ti tú etí aṣọ náà sílẹ̀ torí ọmọ náà ti ga sí i, ó sì lọ̀ ọ́ kó tó sá lọ. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún kíkan.

Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn tí a kò bá wọn kí a tó lò ó, májèlé ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kẹ́ ẹ tó fi ohun tẹ́ ẹ gbọ́ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ẹ̀mí ta ló wà níbẹ̀.

Títí dòní, a ò gbúròó télọ̀. Aṣọ náà sì ṣe wẹ́kú lára ọmọ náà.