Òkúta Inú Kànga Ọládòṣù

Ọdún méje ni Nimotallahi fi kọ́ bí a ti ń gé òkúta iyebíye. Ó ti gba oyè ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní yunifásítì kí ó tó lọ bá Bàbá Rufus, arúgbó tí ó ní ẹ̀rọ òkúta gígé kan ṣoṣo ní Moniya, síbẹ̀ arúgbó náà kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ojúlówó òkúta fún ọdún méjì gbáko. Àfọ́kù ìgò ni ó ń gé. Ìyẹ̀ ìgò jẹ ẹ́ ní èékánná, ojú rẹ̀ ń ṣomi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ríṣẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ. Nígbà tí Bàbá Rufus jáde láyé, ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un, ó sì fi òfin kan tẹ̀lé e: ẹni tó ni òkúta gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹni tó ń gé e, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

"Kì í ṣe nítorí pé o máa jalè," ni arúgbó náà ti wí kí ó tó kú. "Nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá ní o jalè ni."

Nígbà tí ó fi máa pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwọn oníṣòwò òkúta ní Òjóò ti mọ̀ ọ́n. Orúkọ nìkan ni ọjà rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò kó ohun iyebíye fún ọwọ́ tí a bá ti gbọ́ pé kò mọ́.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni Ishaq wọlé tọ̀ ọ́ wá, láti ìhà ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkùnrin gíga ni, amọ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún, ó sì gbá nǹkan kan tí a fi háríhá àgbàdo dì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ ni Nimotallahi kọ́kọ́ rí: ọwọ́ tó le, tó rọra di nǹkan mú.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá tó ń gé òkúta ńkọ́?"

"Ẹ ti rí i."

"Ọ̀gá gan-an ni mò ń wí."

"Òun náà lẹ̀ ń wò. Ẹ jókòó. Kí lẹ dì sínú háríhá yẹn? Òkúta ni àbí ẹ̀kọ?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ tú u wò. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ, ẹ bá wa wá àkàrà."

Kì í ṣe ẹ̀kọ. Òkúta tó dà bí omi odò jíjìn ni, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ojú ọ̀run wọnú ara wọn nínú rẹ̀. Tọmalíìnì ni àwọn oníṣòwò ń pè é. Ishaq Ọládòṣù ṣàlàyé pé Ìrókò ni òun ti wá, pé tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn ni òun ń gbìn, tí òun ń kó lọ tà ní ọjà Ṣáṣá, àti pé nígbà tí àwọn ń gbẹ́ kànga tuntun sí oko bàbá òun ni ṣọ́bìrì kan òkúta yìí. Nimotallahi gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíráàmù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

"Bàbá mi náà ti wọ̀n ọ́n," ni Ishaq wí. "Iye yẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀."

"Ẹ lọ bá mi sọ fún wọn pé bí a bá gé e tán, kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ishaq. Nimotallahi kò bínú. Ó na ọwọ́ sí àwòrán òkúta mẹ́ta tó wà lára ògiri.

"Ẹ wo èyí. Dáyámọ́ńdì ni, Kúlínáànù ni orúkọ rẹ̀, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti wà á jáde ní ọdún 1905. Ó lé ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún kárátì, márùn-ún ló wà nínú gíráàmù kan. Nígbà tí wọ́n gé e tán, gbogbo òkúta tó jáde nínú rẹ̀ lápapọ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún kárátì ó lé díẹ̀ lọ. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ló wà lórí ọ̀pá àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Ẹ̀rún àti ìyẹ̀. Èyí ni Kóínúọ̀, láti Íńdíà. Wọ́n tún un gé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ nù. Inú ọkọ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kò dùn sí i rárá."

"Ṣé wọ́n mú ẹni tó gé e?"

"Wọn ò mú un."

"Wọ́n ṣe é lóore o."

"Ẹ̀kẹta yìí, tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ogún oṣù ni wọ́n fi gé e. Ó dín ju ìdajì lọ. Ní ọdún 2017 ni wọ́n gbé e ta ní Họ́ń Kọ́ńgì, ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànléláàádọ́rin dọ́là."

Ishaq tún wo òkúta tó wà lórí òṣùwọ̀n. "Bí a ò bá gé tiwa ńkọ́?"

"Ẹ óò ní òkúta ńlá kan tí ìmọ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà wọ̀."

"Ẹ gé e," ni Ishaq wí.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó rí i bí òkúta ti ń fara kan irin tó ń yí, tí omi ń dà sí i, tí omi aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ sì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ó mọ̀ pé òkúta bàbá òun ni omi náà ń gbé lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé iṣu sísun àti epo wá. Ní ọjọ́ kẹrin, omi ta sí Nimotallahi lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orí yín kúrò níbẹ̀," ni Ishaq wí.

"Títí dìgbà wo lo fẹ́ máa pè mí ní ẹ̀yin?"

"Ọ̀gá ni yín."

"Ọ̀gá òkúta ni mí. N kì í ṣe ọ̀gá rẹ."

"Ó dáa. Nimotallahi, gbé orí rẹ kúrò."

"Èyí wá yá jù."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó padà sí ẹ̀yin mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí Ishaq bá pẹ́ dé láti Ṣáṣá, irin kì í yí. Nimotallahi á ní òfin ni. Òfin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tó ní kí ó máa wo ojú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kọkànlá, òkúta mẹ́ta wà lórí aṣọ dúdú, ọ̀kan tóbi, méjì kéré, iná sì ń jó nínú wọn. Ìwọ̀n gbogbo wọn jẹ́ gíráàmù mọ́kàndínlógún. Ishaq kò wò wọ́n.

"Kí ló dé tí o ò wo òkúta rẹ?"

"Mo ti ń wo èyí tó wù mí."

"Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin Ṣáṣá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ta tòmátì tó ti rà."

"Tòmátì tèmi kì í rà."

"Gbogbo yín lẹ ń wí bẹ́ẹ̀," ni ó wí, ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọwọ́ Ishaq.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Bàbá Ọládòṣù, bàbá Ishaq, ránṣẹ́ pe Nimotallahi sí Ìrókò. Nimotallahi rò pé ọpẹ́ ni wọ́n fẹ́ dú. Ó wọ aṣọ tó dára. Ó bá bàbá náà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta yí i ká, òṣùwọ̀n wà lórí tábìlì níwájú wọn. Ìyá Ishaq, Mùjíbátù, jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, Ishaq fúnra rẹ̀ sì dúró ti ògiri.

"Ọmọ mi, a rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ó dára," ni Bàbá Ọládòṣù wí. "Ìyókù ńkọ́?"

"Ó di ìyẹ̀, Bàbá. Omi ti gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òkúta ń ṣe."

"Gíráàmù márùndínláàádọ́ta di ìyẹ̀? Òkúta?"

"Mo ti sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ishaq sì jókòó tì mí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wò mí. Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sí Ishaq. Ó mọ òtítọ́ bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pẹ̀lú pé òun kò tíì jíṣẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta fún bàbá òun rí, nítorí ẹ̀rù bà á, àti pé bàbá náà ti pariwo mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ní mọ́sálásí. Bí ó bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, bàbá rẹ̀ á di aláìmọ̀kan lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó bá ku àwọn méjì, òun á ṣàlàyé.

"Bàbá," ni ó wí, ojú rẹ̀ nílẹ̀, "ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ ti gbọ́," ni Bàbá Ọládòṣù wí. "Ẹni tó jókòó tì í kò lè gbèjà rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin yìí kò mọ́."

Nimotallahi dìde, ó kúnlẹ̀ kí wọn, nítorí a kọ́ ọ nílé, ó sì bá ọ̀kadà padà sí Moniya láìwẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ náà dé Òjóò kí ó tó di ọjọ́ kẹta. Alhaji Sódìq, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tó máa ń gbé òkúta fún un lóṣooṣù, wá kó tirẹ̀. "Àǹtí, kì í ṣe pé mo gbà wọ́n gbọ́ o. Àwọn tó ni òkúta lọ́wọ́ mi ni. Ẹ mọ bí ayé ṣe rí." Àwọn méjì mìíràn kò tilẹ̀ wá fúnra wọn, wọ́n ránṣẹ́. Oṣù méjì kọjá, ẹ̀rọ kò yí.

Ishaq wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti ṣàlàyé fún bàbá mi ní ìkọ̀kọ̀. Wọn ò dáhùn."

"Ṣé ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti pè mí ní olè?"

"Nimota, bàbá mi ni wọ́n."

"Mo mọ̀. Èmi ta ni?"

Ishaq kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó padà sí oko.

Mùjíbátù ló tú ọ̀rọ̀ náà ká. Gàrí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n wú ẹ̀gẹ́, tí àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ wà níjókòó, ó ní kí wọ́n bá òun wọn ẹ̀gẹ́ náà. Ó pé ọgọ́rùn-ún kílò. Nígbà tí ó bó o, tí ó rín in, tí ó fún un, tí ó dín in tán, ó tún pe àwọn ọkùnrin kan náà jọ, ó gbé àpò gàrí sórí òṣùwọ̀n. Kò pé kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

"Bàbá Ishaq, ẹ bi mí. Ìyókù ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ ń wo òṣùwọ̀n.

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń dín gàrí nínú ilé yìí. Olè lẹ gbé níyàwó, ẹ ò fura."

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì. Bàbá Ọládòṣù dìde, ó wọlé. Kò tọrọ àforíjìn nígbà náà, kò sì tọrọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, ó rán àwọn àgbà sí Moniya láti tọrọ Nimotallahi fún ọmọ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò gbọ́, wọ́n rọra ń padà bọ̀ pẹ̀lú òkúta wọn.

"Ẹsẹ̀ ni àgbà fi ń tọrọ àforíjìn," ni Zubaidah, ìyá Nimotallahi, wí. "Wọ́n ti rìn wá. Gbà á bẹ́ẹ̀."

Nimotallahi pe Ishaq. "Mo fẹ́ ọ. N kò ní purọ́ fún ara mi lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá rẹ mọ̀ nípa gàrí ni wọ́n sọ. Ìwọ lo fojú rí òkúta. Níwájú àwọn ọkùnrin kan náà, sọ ohun tí o rí."

"Wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, olólùfẹ́ mi."

"Èmi ò gbàgbé."

"Màá sọ ọ́. Kí yìgì tó so, màá sọ ọ́."

Ọjọ́ yìgì pé. Àwọn ará Ìrókò jókòó sí apá kan, àwọn ará Moniya sí apá kejì. Lèmọ́ọ̀mù béèrè sàdáákì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó. Bàbá Ọládòṣù dìde fúnra rẹ̀, ó ṣí páálí kékeré kan: òkúta ńlá náà ni, lórí òrùka wúrà. Àwọn ènìyàn kígbe Allāhu Akbar. Wọ́n ní irú bàbá ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Ojú Bàbá Ọládòṣù rọ̀.

Nimotallahi kò wo òrùka náà. Ishaq ni ó ń wò. Ibi tó yẹ kí ó ti sọ̀rọ̀ nìyí, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ pé síbẹ̀. Ishaq ya ẹnu. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó rí ìdùnnú tí kò rí níbẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, ó sì pa ẹnu dé.

"Ìyàwó, ṣé o gba sàdáákì yìí?" ni Lèmọ́ọ̀mù bi í.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Kùránì kan ni kí wọ́n fún mi, ìyẹn ni mo gbà ní sàdáákì. Kí wọ́n gbé òrùka yìí fún ìyá wa, Mùjíbátù. Àwọn ló sọ̀rọ̀."

Àwọn kan rò pé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni, wọ́n sì yìn ín. Mùjíbátù kò rẹ́rìn-ín. Ó gba òrùka náà, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin títí tí ọmọ náà fi gbé ojú kúrò.

Wọ́n so yìgì. Ishaq fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà fẹ́ràn rẹ̀, ó sì wọlé ọkọ pẹ̀lú ojú tó là. Ohun tí Ishaq jẹ ẹ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: kí ó dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìrókò, ní ojúmọmọ, níwájú bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀, kí ó ní, "Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò mú nǹkan kan." Kò tíì san án.