Wákàtí Méjìdínlógún

"Ràhmát, ibo ni bàálù ẹ̀gbọ́n rẹ dé báyìí?"

Orí ẹní ni Àbẹ̀ẹ́bí wà nínú yàrá wọn ní Ìpelè nígbà tó bi ọmọ rẹ̀ obìnrin léèrè. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí àìsàn kíndìnrín ti dá a gúnlẹ̀. Ràhmát, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá girama, tẹ fóònù rẹ̀ wò. Láti Toronto dé Èkó, ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà. Pẹ̀lú ibi tí wọn yóò ti pààrọ̀ bàálù, wákàtí méjìdínlógún ni.

"Ó ti gbéra láàárọ̀, Màámi. Lọ́la lẹ máa rí i."

Irọ́ ni. Abdulfatai, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Toronto, kò tilẹ̀ mọ̀ pé àìsàn ìyá òun le tó bẹ́ẹ̀. Kàsúmù, àbúrò ìyá wọn, ti ní kí Ràhmát pè é, torí Ràhmát ló máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Abdulfatai ti ṣèlérí pé òun yóò fi ìsinmi ọdún yìí wá mú àbúrò òun lọ sí Toronto lẹ́yìn ìdánwò. Bó bá wá nísinsìnyí, ìsinmi tán nìyẹn. Ràhmát sì ti fọ́nnu káàkiri kíláàsì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè lọ́jọ́ Àìkú, tó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá àwọn, Ràhmát dáhùn pé, "Ibà lásán ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ti sùn."

Lálẹ́ ọjọ́ tí Ràhmát pa irọ́ bàálù yìí, Àbẹ̀ẹ́bí tún béèrè pé, "Ṣé ó ti kọjá òkun?"

"Ó ti kọjá, Màámi."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyá ní kí wọ́n wẹ òun, kí wọ́n ró ìró tuntun fún òun. Ó dojú kọ ilẹ̀kùn. Ọ̀sán pọ́n, kò sẹ́ni tó wọlé. Kò bínú, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ilẹ̀kùn. Ọkàn Ràhmát kò gbà á mọ́. Ó sá lọ sẹ́yìn ilé, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jẹ́wọ́.

"Ràhmát, kí lo ṣe yìí?"

Abdulfatai wọ bàálù lọ́jọ́ kejì. Ó ṣì wà lójú òfurufú nígbà tí ìyá wọn mí èémí ìkẹyìn. Wọ́n pè é títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Kàsúmù nu omijé nù.

"Òkú mùsùlùmí kì í dúró de bàálù," ló wí. Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin ín.

Ilẹ̀ sàréè ṣì tutù nígbà tí Abdulfatai dé. Kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Lọ́jọ́ Àìkú tí mo pè, ṣé Màámi lè sọ̀rọ̀?"

Ràhmát wolẹ̀. "Wọ́n lè sọ̀rọ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

Abdulfatai padà lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ràhmát kò bá a lọ. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, bó bá gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ló ń rí nínú ìró tuntun náà. Ó ṣe ìdánwò náà yege, ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ kò kún.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ Ràhmát bá irọ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ Abdulfatai kò bá ìyá wọn láyé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi òtítọ́ tó kan ẹ̀mí pamọ́ nítorí ire ara yín. Ibi tó jìn jù lọ ní ayé, bàálù lè dé ibẹ̀. Àná nìkan ni kò lè padà sí.