Ìbéèrè Keje

Ẹni tí ó bá fẹ́ lè jiyàn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú obìnrin aránṣọ kan ló ṣe, òun kì í sì í ṣe ẹni tí ń bù mọ́ ọ̀rọ̀.

Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí, bí ó ti mọ̀. Ní gbogbo Sátidé, bàbá a máa ka ìbéèrè àdììtú ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn sókè, òun a máa kọ ìdáhùn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, sínú àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n yà sójú ìwé. Bí ìbéèrè bá ti kan orúkọ ẹbí, ó di kí ó máa họrí. Bàbá a rẹ́rìn-ín pé ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n, tí kò ní àbúrò, níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá, ó tún ra ìwé náà. Kò sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ ṣáà nà sí i fúnra rẹ̀. Ìbéèrè keje ni pé: "Ọmọ bàbá rẹ tí ìyá rẹ kò bí. Lẹ́tà mẹ́fà."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá òǹdìwé, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé. Òórùn gọ́ọ̀mù tí ó fi ń lẹ ìwé kún yàrá rẹ̀.

"Ọbàkan," ni òǹdìwé náà wí.

Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ẹ̀dà tirẹ̀, ìwé ìròyìn kan náà, ti ọjọ́ kan náà. Ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn ni ìbéèrè keje ń wá níbẹ̀. Wọ́n tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Òjò ń kán lójú fèrèsé.

"Bàbá ẹ ní kí n má sọ," òǹdìwé wí níkẹyìn. "Ó bí ọmọbìnrin kan. Kó tó fẹ́ ìyá ẹ ni. Ọmọ náà ò tíì rìn tó fi kú."

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni."

Ó dúpẹ́, ó gòkè, ó rán apá ẹ̀wù kan tán. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń rò: ṣé bàbá ti rí ọmọ yẹn lọ́hùn-ún, tí ó wá gbàgbé òun?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, olùtà ìwé ìròyìn kò na nǹkan kan sí i.

"Ẹ̀gbọ́n yín ti gba tiyín lọ, àǹtí. Ẹ jọra o, bí ìmumu ṣe jọ ara wọn. Ibo lẹ gbé wọn pamọ́ sí látọjọ́ yìí?"

Ó bi í pé kí ni obìnrin náà wí.

"Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀. Pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀."

Ó gun àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní títì, bí ó ti fi í sílẹ̀. Ó gbé etí lé e. Nínú yàrá, ẹnì kan ń ka ìbéèrè jẹ́jẹ́, ẹnì kan ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń dúró de ẹnì kẹta.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ó ṣí i.