Àgbo Tí Ruolan Gbé Wọ Ọsibítù

Bí Ruolan ṣe ń da àgbo dúdú láti inú fúláàsì sínú ife baba rẹ̀ ni ọwọ́ kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, tó gba ife náà. Ó yíjú padà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Dókítà gíga kan, tí irun rẹ̀ rí wúruwùru bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ló ń gbóòórùn àgbo náà.

"Kí lẹ ń fún aláìsàn mi mu?"

"Aláìsàn yín kẹ̀? Baba mi nìyẹn o! Ó ti ń ta egbòogi ní ìlú Bozhou kí wọ́n tó bí yín."

"Mo gbọ́. Àmọ́ oògùn tí à ń fà sí i lára ń ta àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ jí, kí wọ́n lè bá jẹjẹrẹ jà. Tí àgbo bá tún ru wọ́n sókè, wọ́n lè kọjú ìjà sí baba yín fúnra rẹ̀."

Àyà Ruolan já. Ó ka orúkọ egbò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú àgbo náà fún un. Dókítà náà, Ouyang Kezhi, kọ wọ́n sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ inú ọsibítù náà. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá: kí wọ́n yọ méjì kúrò, mẹ́rin kò léwu.

"Dókítà tún máa ń gbọ́ràn báyìí?"

"Ó sinmi lórí ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde."

Ruolan rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jọ ń jẹ núdù gbígbóná lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, tí "ẹ" di "o", tí "Dókítà" di "olólùfẹ́ mi".

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ìtọ́jú náà, ẹyinjú baba di pupa rúsúrúsú bí ìyeyè. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wú.

"Ruolan, o tún fi egbò méjì yẹn sí i!" ni Kezhi pariwo lójú gbogbo èèyàn.

"Èmi?" Ẹni tó ń pè é ní olólùfẹ́ gbà pé ó lè pa baba rẹ̀!

Wọ́n dá oògùn tí wọ́n ń fà sí baba lára dúró. Nígbà tí Ruolan ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ìgò kékeré kan tí omi egbò méjì yẹn wà nínú rẹ̀ yí bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá! Ẹ̀yin lẹ ń mu ún?"

Baba dorí kodò. "Ogójì ọdún ni mo fi ta egbòogi, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kí oògùn òyìnbó nìkan gba ògo."

Kezhi tẹrí ba níwájú gbogbo wọn. "Mo jẹ̀bi. Dárí jì mí." Ọjọ́ mẹ́ta ni Ruolan fi dá jẹ núdù lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bu núdù fún Kezhi.

Ẹ̀dọ̀ baba rọlẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, pẹ̀lú àgbo egbò mẹ́rin. Nígbà tó yá, àwòrán inú ara rẹ̀ fi hàn pé kókó jẹjẹrẹ náà ti dín sí ìdajì.

"Èwo ló ṣe é nínú oògùn òyìnbó àti àgbo?" ni baba bi Kezhi.

"Mi ò tíì mọ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Ìgbà wo lo máa fẹ́ ọmọ mi?"

Páálí àwòrán já bọ́ lọ́wọ́ Kezhi. Ruolan bẹ̀rẹ̀, ó bá a gbé e.

"Tó bá gbà," ni Kezhi wí jẹ́jẹ́, "lọ́la."

Ruolan mi orí pé òun gbà, omijé sì dà.

Nígbà ìrúwé, baba gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ìgbéyàwó fúnra rẹ̀, kò di ẹnikẹ́ni mú.