Ó Ní Òun Kò Mọ Ràmátù

Ní ìlú Bouaké, ní orílẹ̀-èdè tí Abidjan wà, ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa wo àwọ̀ ara ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe dókítà. Ilé ijó kan ló ti ń ṣiṣẹ́, irú ilé tí àwọn obìnrin ti ń bọ́ra sí ìhòòhò kí àwọn ọkùnrin lè máa wò wọ́n. Òun ló ń yan àwọn oníjó, òun náà ló ń lé àwọn tí kò bá wọ ọ̀gá rẹ̀ lójú.

Alain ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Oṣùọlálé ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, nítorí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá náà. Ó ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà Bouaké títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó sì jẹ́ díákónì nínú ìjọ. Ní àdúgbò Kennedy tí wọ́n ń gbé, Lálé ni gbogbo ènìyàn ń pe ọmọ rẹ̀.

Ọmọ lọ sí ilé ìwé Faransé, ahọ́n rẹ̀ yọ̀. Ó rí i pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi Anago tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́. Kò bá wọn jà. Ó kàn fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Lálé bá di Alain. Bí wọ́n bá bi í níbi tí ó ti wá, a ní ọmọ Abidjan ni òun. Bí ẹnìkan bá sọ Yorùbá létí rẹ̀, a wojú onítọ̀hún bí ẹni tó gbọ́ èdè ẹyẹ. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, ó sin òkú bàbá, ó sì sin ilé ìjọsìn mọ́ ọn, nítorí kò tún padà síbẹ̀ mọ́.

Òyìnbó kan ló ni ilé ijó náà, òfin rẹ̀ kò sì ṣòro láti lóye. Àwọn ọmọbìnrin funfun tó kó wá láti òkè òkun ló ń jó lórí pèpéle níjọ́ tí èrò bá pọ̀. Àwọn ọmọ pupa ló tẹ̀ lé wọn. Adúmáadán kì í débẹ̀. Bó lẹ́wà, bó mọ ijó jó ju gbogbo wọn lọ, kó máa lọ ilé rẹ̀. Ní orí ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú ni mo ń wí yìí o.

Lálé ní gbólóhùn kan tó fi ń lé wọn. "Iná wa kò gba àwọ̀ rẹ." Ní Faransé ló ń sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná lásán ni. Òun tó ń sọ ọ́, ìdí ìkòkò tí bàbá rẹ̀ ń tà kò dúdú tó o. Àwọn mìíràn lọ bóra nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀kan bóra títí ojú rẹ̀ fi di egbò, ó padà wá, Lálé tún lé e.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó ṣì ń pè é ní orúkọ rẹ̀. Adétọ́lá ni, wọ́n jọ dàgbà ní Kennedy, ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lọ́jà. Adétọ́lá kì í yé sọ fún un pé ọ̀nà tó ń tọ̀ kò dára, pé Jésù ṣì ń dúró dè é. Lálé á rẹ́rìn-ín, á ní tí òun bá darúgbó, òun á wá jókòó sí ìlà iwájú nínú ìjọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọmọbìnrin wá fi ara wọn hàn fún iṣẹ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà níjòókòó. Ọ̀kan wọlé tó dúdú bí kóró iṣin, tí ara rẹ̀ ń dán. Ràmátù ni. Sákínátù ìyá rẹ̀ ti bá àwọn Lálé pín ògiri kan náà ní Kennedy kó tó kó ọmọ dání lọ máa ṣòwò ní ìlú Diabo. Ní kékeré, Lálé jẹun nínú abọ́ obìnrin náà bí ó ti ń jẹ nínú ti ìyá tó bí i.

Ràmátù ti lé lógún ọdún. Ó jáde ní yunifásítì, ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló júwe ilé ijó náà fún un. Mi ò ní í sọ fún ọ pé iṣẹ́ rere ló wá wá. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹni tó yó kó rọra dá a lẹ́jọ́.

Ó ti múra sílẹ̀ pé Faransé nìkan ni òun yóò sọ. Ó wọ bàtà gíga, ó kun ètè. Àmọ́ bí ó ti gbójú sókè tó rí Lálé, ẹ̀kọ́ ilé gbé e láìrò tẹ́lẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ó kí i bí ọmọ ti ń kí àbúrò bàbá rẹ̀.

"Ẹ káàsán, tọ́ntọ́n Lálé."

Gbogbo ojú yí sí Lálé. Ta ni kò mọ̀ ní Bouaké pé ọmọbìnrin tó bá kúnlẹ̀ báyẹn kí ènìyàn, ọmọ Anago ni? Ọ̀gá wo ọmọ náà nílẹ̀, ó wo Lálé. Ó bi Lálé bóyá ó mọ ọmọ náà.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ni Lálé wí. Ó sì kọjú sí ọmọ náà. "Dìde. Iná wa kò gba àwọ̀ rẹ."

Ràmátù dìde. Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì gba ẹ̀bi náà mọ́ra. Ó ní kó má bínú, pé òun fi í pe ẹlòmíràn ni. Ọmọ tí wọ́n dójú tì ló ń bẹ ẹni tó dójú tì í.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń gbé mọ́tò aláwọ̀ eérú dúró lẹ́nu ọ̀nà de àwọn tí Lálé bá lé. Yóò ní òun mọ ibi iṣẹ́ kan tí wọn kì í ti í wo àwọ̀. Òun àti Lálé jọ máa ń mutí, Lálé sì mọ ilé rẹ̀, ní ìlú kan lójú ọ̀nà tó lọ sí àríwá. Kò béèrè rí ohun tí ọkùnrin náà ń fi àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe. Ohun tí a kò bá béèrè, ó rọrùn láti purọ́ fún ara ẹni pé a kò mọ̀ ọ́n.

Láti ojú fèrèsé ló ti rí Ràmátù tó ń wọ mọ́tò náà. Bó bá ké pè é lẹ́ẹ̀kan péré ní Yorùbá, ọmọ náà ì bá dúró. Ó pa fèrèsé dé.

Ràmátù kò padà sílé.

Sákínátù wọkọ̀ wá láti Diabo. Ó mú fọ́tò ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fi han èrò ní ibùdókọ̀, ní ọsibítù, ní ẹnu mọ́ṣáláṣí, láàárín ọjà. Àwọn ọlọ́pàá rò pé Abidjan ló sá lọ bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọjú sí. Àríwá ni ọmọ wà. Ẹnu kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ní gbogbo Bouaké, ẹnu náà sì di.

Nígbà tó yá, ìyá náà dé ilé ijó. Lálé jáde sí i. Bí ìyá náà ti rí i báyìí ló dá a mọ̀, àbí ta ni yóò bọ́ ọmọ tí kò ní mọ ojú rẹ̀?

"Lálé, wọ́n ní Ràmátù wá síbí. Jọ̀ọ́, ohun tí o bá mọ̀, sọ ọ́ fún mi."

Lálé fi Faransé dá a lóhùn. Ó ní òun kò gbọ́ èdè tí màdáàmù ń sọ.

"Ó dáa," ni Sákínátù wí. "Ọlọ́run gbọ́ gbogbo èdè." Ó ká fọ́tò ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, Lálé kò jẹun dáadáa mọ́. Ọtí ló ń mu. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, orúkọ Alain ti lọ nìyẹn. Ó ní lọ́la ni òun yóò lọ bá ọlọ́pàá. Tí ọ̀la bá dé, á ní kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá. Adétọ́lá rí i pé ó ń rù, ó bi í léèrè, Lálé ní ibà ni.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn ọlọ́pàá dé ilé ijó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní ẹnìkan rí Ràmátù tó ń wọlé síbẹ̀. Ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ó nawọ́ sí Lálé.

"Ẹ bi Anago yìí. Àwọn ni wọ́n mọ ara wọn."

Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni òun ti mọ̀: òun na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì tẹríba. Ó ní ó kàn ń pa òun lẹ́rìn-ín ni, òun sì jẹ́ kó máa bá eré rẹ̀ lọ. Lálé wí fáwọn ọlọ́pàá pé òun kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀. Ní ọjọ́ kejì tó débi iṣẹ́, ọmọkùnrin pupa kan ti jókòó sórí àga rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí Èṣù ti ń sanwó iṣẹ́. Ó ta bàbá rẹ̀, ó ta èdè rẹ̀, ó ta ọmọ obìnrin tó bọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ torí kí òyìnbó kan má bàa mọ ohun tí òyìnbó náà ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lálé rìn dé ìsọ̀ Adétọ́lá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín táyà àti ṣéènì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Adétọ́lá, ṣé Ọlọ́run lè dárí èyí jì mí?"

"Ó lè. Ẹ̀jẹ̀ Jésù kò ṣàìtó fún èyí. Ẹni tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n tà, tí wọ́n sì bọ́ láṣọ ní gbangba ni Jésù, Lálé. Ọ̀dọ̀ Ràmátù ló wà lọ́jọ́ tí o pa fèrèsé dé." Adétọ́lá ti ń ti ìsọ̀ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n má fi àdúrà sá fún ọlọ́pàá. Dìde. Ojú ọ̀nà la ó ti gbàdúrà."

Wọ́n wọ takisí tí èrò kún inú rẹ̀. Láàárín àwọn àjèjì wọ̀nyẹn, Lálé tó ń sá fún Yorùbá láti ìgbà èwe rẹ̀, ó la ẹnu, ó sì gbàdúrà ní Yorùbá, omi ń dà lójú rẹ̀. "Jésù, èmi Oṣùọlálé ni. Mo sẹ́ ọmọ náà, ìwọ ni mo sẹ́. Ṣàánú fún mi. Mo fi ara mi lé ọ lọ́wọ́." Jésù gbọ́ ọ. Kò sí iyèméjì ní tèmi: nínú takisí yẹn, ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹn di ọmọ Ọlọ́run.

Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, ó dárúkọ ọkùnrin onímọ́tò, ó dárúkọ ìlú, ó júwe ilé. Wọ́n tì í mọ́lé nítorí ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì bá wọn jiyàn. Wọ́n yára lọ. Wọ́n bá àwọn ọmọbìnrin nínú ilé náà lóòótọ́, dúdú ni gbogbo wọn, ìyà ti jẹ wọ́n kọjá àfẹnusọ. Bàtà gíga Ràmátù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ràmátù kò sí níbẹ̀.

Àwọn ọmọ náà sọ fún wọn pé ọkùnrin náà ti gbé e kọjá ibodè. Àwọn ọlọ́pàá bi wọ́n pé ìgbà wo ni.

Àná ni.

Nígbà tí wọ́n fi Lálé sílẹ̀, Diabo ló kọ́kọ́ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Sákínátù, kò lè gbórí sókè. Obìnrin náà na fọ́tò ọmọ rẹ̀ sí i.

"Mo gbọ́ pé Jésù rẹ ti dárí jì ọ́. Èmi kò tíì lè ṣe é. Lọ wá ọmọ mi."

Títí di òní ló ń wá a. Òun àti Adétọ́lá ń lọ láti ìlú ibodè kan sí èkejì pẹ̀lú fọ́tò náà. Ó ń sọ fún ọmọbìnrin dúdú tó bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀ pé Ẹlẹ́dàá kò ṣi àwọ̀ kùn sí i lára. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní àlàáfíà pẹ̀lú Ọlọ́run. Ó tún ń sunkún. Ìkan kò lé ìkejì lọ.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bóyá o kò ṣiṣẹ́ nílé ijó rí. Ta ni o ti wò lójú rí, tí o sì ní o kò mọ̀ ọ́n? Kí ni o ń fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ pa mọ́? O ti mọ̀ tipẹ́ pé ó yẹ kí o tọ Jésù wá, kí o jẹ́wọ́, kí o sì tún ohun tí o bàjẹ́ ṣe. O ń sọ pé lọ́la. Lálé náà sọ bẹ́ẹ̀.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Pe Jésù ní èdè tí ìyá rẹ fi ń pè ọ́. Sọ orúkọ rẹ gan-an fún un, sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ gan-an, gbà pé ó kú nítorí rẹ, kí o sì dìde lọ ṣe ohun tó yẹ kí o ti ṣe.

Mi ò sọ pé Jésù yóò kọ̀ ọ́ bí o bá dé lọ́la. Ó gba Lálé tó pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n Ràmátù ti kọjá ibodè.